Àrùn Tí Mo Sọ Pé Ilé Ìyàgbẹ́ Ló Fà

Ẹ fún mi láyè kí n rọra sọ ọ́. Ó ti lé lọ́dún méje tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, ibi tí mo sì ti gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Nígbà mìíràn n ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tí mo ṣe fún ìjọba, kí ẹ lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọ̀dájú ènìyàn. Nígbà mìíràn n ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí bí àwa ará ìlú kan náà ṣe ń ran ara wa lọ́wọ́ ní Lokoja. Mo wá ṣàkíyèsí pé gbogbo ibi tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ló ń gbè mí lẹ́yìn. Nítorí náà, ibi tí kò gbè mí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo purọ́ fún ọmọbìnrin kan nínú kẹ́mísì mi ládùúgbò Natako. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Ó gbà mí gbọ́, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì àgbà o. Èmi ni wọ́n ń rán pé kí n wẹ ojú egbò, kí n gún abẹ́rẹ́, kí n di ọmọ mú nígbà tí wọ́n bá ń fún un ní àjẹsára. Nígbà tí ọdún iṣẹ́ mi pé, mo kó ẹrù kúrò nínú yàrá iwájú ilé mi, mo kan pákó mọ́ ògiri, mo to oògùn sí i. Mo ta aṣọ kan sí ìkángun yàrá náà, mo gbé bẹ́ǹṣì sẹ́yìn rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi mọ̀ mí. Àwọn Hausa ń pè mí ní mai magani, ìyẹn olóògùn, àwọn Ebira àti Igala ń pè mí ní Mama. Àwọn ọlọ́kadà kì í tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń fi Pidgin ké sí mi pé kí n fún àwọn ní kápúsù pupa-òun-yẹ́lò méjì.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: méjì. Ẹni tí ń ra odindi páálí kò wọ́pọ̀. Kápúsù méjì, mẹ́rin, èmi náà á kà á sórí bébà tí mo ya láti inú ìwé àjákù ọmọ ilé-ìwé, n ó ká a, ó parí. Bí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í padà wá ra ìyókù. A ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́, mi ò sì rí i bí ohun tó burú.

Ìlú wa wà lápá ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ yìí, níbi tí ẹ ti ń gbọ́ ìkíni "Òkun o" kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwa tí iṣẹ́ ìjọba kó wá sí Lokoja pọ̀ tó láti ní ìpàdé, ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A ní àṣà kan tí kò sí nínú ìwé òfin ìpàdé náà. Ọmọ ìlú wa tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní Lokoja, ilé mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú un wá. Á sùn sí pálọ̀ mi, á jẹ oúnjẹ mi, títí á fi rí yàrá. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọmọ mi ni. Bó bá fẹ́ ìyàwó, èmi ni màá ṣe ìyá lápá ibí. Bó bá ṣẹ̀, èmi ni wọ́n ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, èmi náà ni màá sì bò ó. A kì í jẹ́ kí ará ibòmíràn gbọ́ àléébù ọmọ wa. Bí a ṣe ń gbé láàárín àwọn elédè púpọ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ṣe wọlé mi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń fọ abọ́ tó bá jẹun tán, ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kì í ṣe. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní sẹkitéríàtì. Mo bá a wá yàrá sí ẹ̀yìn ilé mi, nínú ilé gbọọrọ kan tí ìdílé mẹ́fà ti ń lo ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo.

Ìyàwó tó mú wá, ọmọ Oworo ìtòsí Lokoja ni, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń dáko iṣu àti ẹ̀gúsí ní abúlé kan lẹ́yìn òkè. Àwọn obìnrin ìpàdé wa kò sọ nǹkan kan ní gbangba, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, pé ṣé gbogbo ọmọbìnrin tó wà nílùú wa ti tán ni. Bí ọmọ náà bá pe ọ̀rọ̀ kan bí wọ́n ṣe ń pè é ní Oworo, wọ́n á tún un pè lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín rí. Àìsàn kò jẹ́ kí ìyá ọkọ lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí Lokoja lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó wálé, nítorí náà èmi ni mo bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Màmá. Ìyá tó bí ọkọ rẹ̀ ló ń pè ní Ìyá.

Oṣù karùn-ún tí wọ́n fẹ́ra, ibi iṣẹ́ rán ọkọ lọ sí Abuja fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ Ajé kan lẹ́yìn tó dé, mi ò tíì gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tán nígbà tó yọ. Ó ti wọṣọ iṣẹ́, ó ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún wà nínú ṣòkòtò rẹ̀. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà mi, ó yin ọwọ̀ tí mo fi ń gbálẹ̀. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀ tó fi ń yin ọwọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí a lọ sẹ́yìn aṣọ.

Ó ní ìtọ̀ ń ta òun bí ata. Kó tó sọ ìyókù ni mo ti mọ̀.

"Ta lo bá lọ l'Abuja?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó o. Àtọ̀sí kì í béèrè iye ìgbà."

Mo ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù. Ó ní ìyàwó ọ̀rẹ́ òun ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìtọ̀ wò, pé kó tó di ọ̀sán gbogbo ọ́fíìsì á ti gbọ́. Ni mo bá tọ́jú rẹ̀ fúnra mi. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún, kápúsù odindi páálí. Mi ò ka ìkankan sórí bébà fún un. Mo ní kó mú ìyàwó rẹ̀ wá kí n tọ́jú àwọn méjèèjì pọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀.

"Màmá, ilé mi á tú. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó mọ̀."

Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó má sún mọ́ ọn títí á fi gba abẹ́rẹ́ tán. Ó ní òun gbọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti sún mọ́ ọn kó tó wá. Mi ò bi í. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni àwọn àna rẹ̀ ní Oworo, bí wọ́n á ṣe máa sọ pé irú ọmọ tí ìlú wa ń bí nìyẹn. Ọmọ wa ni mo rí. Mi ò rí ọmọ ẹlòmíràn tó wà nílé rẹ̀ tó ń dáná dè é.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ìyàwó tó wá. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ti lé gbogbo ènìyàn wọ abẹ́ òrùlé. Ó fi ọwọ́ di ìsàlẹ̀ ikùn mú, ara rẹ̀ ń gbóná. Ó ní nǹkan kan ń dà lára òun tó ń rùn, pé ojú ń ti òun láti sọ ọ́. Mo ní kí ojú má tì í, èmi náà obìnrin ni. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe òun. Mo kẹ̀yìn sí i, mo ń wá kápúsù tí mo mọ ibi tó wà.

"Ilé ìyàgbẹ́ yín yẹn ni," mo ní. "Ẹ pọ̀ jù tí ẹ ń lò ó. Àrùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni."

Ó mí kanlẹ̀. Ara tù ú, ẹ̀yin ènìyàn mi. "Mo sọ ọ́, Màmá. Mo sọ fún ọmọ yín pé ilé ìyàgbẹ́ yẹn á pa wá."

Kápúsù ọjọ́ mẹ́ta ni mo kà fún un, sórí bébà, pẹ̀lú oògùn ìrora. Mi ò gún un lábẹ́rẹ́. Bí mo bá gún un fún ọjọ́ márùn-ún, á bi mí pé àrùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì wo ló ń gba abẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá sì mú páálí rẹ̀ dání, ẹnikẹ́ni tó mọ oògùn lè sọ àrùn tí wọ́n ń fi wò fún un. Mo dín oògùn rẹ̀ kù kí irọ́ mi lè dúró. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn, mo ti pa á rẹ́, mo tún ti kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí jù. Ó gbógun ti ilé ìyàgbẹ́ náà. Kó tó lọ sí ilé-ìwé láràárọ̀, á da oògùn olóòórùn bí ọ̀dà sí i, á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, á nu ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó bá obìnrin Nupe kan tó ń gbé yàrá kejì jà, pé àwọn ọmọ rẹ̀ kì í da omi sí i tí wọ́n bá ṣe tán. Obìnrin náà dá a lóhùn pé kí ìyàwó tuntun tó dé, ta ló ń ṣàìsàn nínú ilé yìí. Òótọ́ lobìnrin yẹn sọ, èmi nìkan ló sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Nígbà tó yá, ìyàwó pa ilé ìyàgbẹ́ tiwọn tì, ó ń wá lo tèmi. Láràárọ̀ ni màá rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú bútà omi lọ́wọ́, á kúnlẹ̀ kí mi, á ní, "Màmá, ẹ mà ṣeun o. Tiyín mọ́."

Ìrora náà padà wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, kápúsù ni mo kà. Lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Mo ní Ọlọ́run ti bá mi parí rẹ̀.

Ọdún kejì kọjá, ọmọ ò sí. Ọdún kẹta náà kọjá. Ó ń ra egbò àti èèpo igi ní ọjà Kpata, ó ń sè é mu. Ó ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi òróró wọ́ ọ nínú. Ó ń gbààwẹ̀ títí egungun ọrùn rẹ̀ fi yọ. Bó bá wá sí ìpàdé wa, àwọn obìnrin á wo ikùn rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Á wá bi mí pé kí ni òun tún lè ṣe, èmi náà á ní kó ní sùúrù.

Lọ́dún kẹrin, wọ́n pe àwa tí a ń ta oògùn sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan. Dókítà obìnrin kan tí kò ju ọmọ mi lọ ló kọ́ wa. Ó ya ilé ọmọ sórí pátákó, ó ya ọwọ́ kan sí i lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó ní túùbù nìyẹn, ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà kọjá, pé inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ. Ó ní bí àtọ̀sí tàbí àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn bá wọ obìnrin lára tí wọn kò tọ́jú rẹ̀ dópin, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ wọ ilé ọmọ, á dé inú túùbù. Ibẹ̀ á wú, á ṣọyún. Bó bá jinná, á fi àpá sílẹ̀, àpá náà á sì lẹ ọ̀nà pọ̀. Ó ní òmíràn wà tí kì í dun obìnrin rárá, ó di ọjọ́ tó bá ń wá ọmọ kó tó mọ̀. Ó ní oyún tí wọ́n ṣẹ́ níbi tí kò mọ́ lè fà á, àrùn tó wọlé lẹ́yìn ìbímọ lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni apẹ́ńdíìsì tó bẹ́ síni nínú, pàápàá jù lọ bí ènìyàn bá pẹ́ kó tó dé ọsibítù. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀yin òbí mi, bí ọkọ bá gba oògùn àtọ̀sí lọ́wọ́ yín, tí ẹ kò rí ìyàwó rẹ̀, ẹ ò tíì tọ́jú ẹnikẹ́ni."

Bírò mi dúró. Mo nawọ́, mo bi í pé ǹjẹ́ obìnrin lè kó o nínú ilé ìyàgbẹ́. Àwọn tó wà níwájú rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá, pé orúkọ tí a fi ń bo nǹkan mìíràn ni, pé orúkọ náà sì ti mú kí ọ̀pọ̀ obìnrin jókòó sílé nígbà tó yẹ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ dókítà. Mo jókòó. Mo délé lọ́jọ́ náà, mo rí ìyàwó tó ń sá aṣọ, mi ò sọ nǹkan kan. Èyí ló le jù fún mi láti sọ. Nígbà àkọ́kọ́, mo lè ní mi ò mọ ibi tó máa já sí. Láti ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mo mọ̀. Ó lé ní ọdún méjì tí mo tún fi mọ̀ ọ́n, tí mo ń dáhùn "Màmá".

Ọdún tó kọjá ni ọsibítù ní kí ìyàwó lọ ya ẹ́síréè. Wọ́n fi omi oògùn kan ránṣẹ́ sínú ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Omi náà dé ẹnu túùbù méjèèjì, kò kọjá. Dókítà bi í bóyá ó ti ṣẹ́yún rí. Ó ní rárá. Bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un níkùn rí. Rárá. Bóyá ó ti ní àrùn ìbálòpọ̀ rí. Ó ní òun ò ní in rí, àrùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìkan ni. Dókítà ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì kì í dí túùbù. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wo fọ́tò náà. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo èyí fún mi, kò sì rí i pé ohun kan wà nínú bí ọkọ rẹ̀ ṣe dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ dé etí ìyá ọkọ. Ohun tó gbọ́ ni pé túùbù ìyàwó ti dí, ohun kan ṣoṣo tí òun àti àwọn obìnrin ìpàdé wa sì mọ̀ tó ń dí túùbù ni oyún ṣíṣẹ́. Kó tó di ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti mọ ilé-ìwé tó wà nígbà tó ṣẹ́ ẹ, wọ́n ti mọ iye rẹ̀. Ìyá sọ̀ kalẹ̀ wá sí Lokoja. Ó ní kí ọmọ náà padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, kí ọmọ òun lè fẹ́ ẹlòmíràn, pé ní pálọ̀ mi ni kí a ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, torí èmi ni ìyá wọn níbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ni ìyàwó wá bá mi. Kò sunkún. Ó ní òun lè fara dà á bí wọ́n bá ní kí òun máa lọ, ṣùgbọ́n bàbá òun kò gbọdọ̀ gbọ́ pé òun ṣẹ́yún. Ó ní bàbá òun ta ẹ̀gúsí ọdún mẹ́ta kí òun tó parí ilé-ìwé yẹn, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un nígbà náà pé ìlú ńlá á ba ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ tọ́jú mi, Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé àrùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni. Tó bá ti ẹnu yín jáde, wọ́n á gbà."

Irọ́ tí mo pa fún un ló wá ń bẹ̀ mí pé kí n tún pa, kó lè fi gba ara rẹ̀ là. Mo ní màá sọ̀rọ̀. Mi ò sọ fún un ohun tí màá sọ, torí èmi gan-an ò tíì mọ̀.

Àwa mẹ́rin la jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi náà. Ìyá ọkọ wà lórí àga tó sún mọ́ fèrèsé, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyàwó wà lórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo gbé omi fún wọn, ẹnikẹ́ni ò mu ún. Ìyá sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ka àwọn ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ti ń bí ọmọ kẹta. Ó wá yíjú sí ìyàwó.

"Olùkọ́ ni ọ́, àbí? Ka iye tí o ṣẹ́ fún wa."

Ìyàwó wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní àìsàn kan mú ọmọ náà nísàlẹ̀ ikùn lọ́dún àkọ́kọ́, pé èmi ni mo tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe oyún.

"Àrùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni," ìyàwó ní, jẹ́jẹ́.

Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bá a bò ó. Dókítà ti ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì kì í dí túùbù. Ṣebí gbogbo ilé yẹn ló ń lò ó? Obìnrin Nupe yẹn ti bí méjì sí i."

Mo wo ọmọ wa. Mo fún un láyè. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ń yí i sókè. Mo dúró pẹ́ débi pé ìyá rẹ̀ náà yíjú wò ó.

"Òun ló kọ́kọ́ wá," mo ní. "Kí ìyàwó tó wá, òun ló kọ́kọ́ wá. Àtọ̀sí ló gbé bọ̀ láti Abuja. Mo tọ́jú rẹ̀, mo bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìyàwó wá, mo mọ ohun tó ń ṣe é, mo sì ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni. Ọmọ yìí kò ṣẹ́yún."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ ohun tí ìyá ọkọ kọ́kọ́ sọ. Kò bi ọmọ rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Èmi ló dojú kọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ilé wa lẹ gbé síta báyìí, níṣojú rẹ̀?"

"Ilé tiẹ̀ náà ni, àbúrò."

Ọkọ fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ní, "Màmá, ẹ ní ẹ ò ní sọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ìyàwó kò wo ọkọ rẹ̀ rárá. Èmi ló ń wò.

"Abẹ́rẹ́ ọjọ́ mélòó lẹ fún un?"

"Márùn-ún."

"Èmi ńkọ́?"

Ó dúró dè mí.

"Kápúsù ọjọ́ mẹ́ta."

"Nígbà tó padà wá ńkọ́?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

Ó mi orí, bí olùkọ́ tí ọmọ kan fún ní ìdáhùn tó péye. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó kúnlẹ̀ dágbére fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó jáde. Kò dágbére fún mi.

Ìyá padà sílé lọ́jọ́ kejì. Kò tún dárúkọ oyún mọ́. Ohun tí mo ń gbọ́ láti ìlú wa ni pé ó ń sọ pé èmi ni mo tú ilé ọmọ òun, pé ẹni tí wọ́n fi ọmọ ìlú pa mọ́ sí lọ́wọ́ ló dà á síta fún àwọn àna. Àwọn obìnrin ìpàdé gbà pẹ̀lú rẹ̀. Wọn ò mú ọmọ tuntun wá sílé mi mọ́. Ọkọ ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á lọ. Àwọn kan ti gbìyànjú láti tù mí nínú, pé túùbù lè dí láti ara nǹkan mìíràn, pé dókítà kan kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé èyí gan-an ló fà á. Mo fi ìyẹn sùn fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí mo mọ̀ lọ́jọ́ tí mo purọ́ fún un tó láti fi gbé e lọ sí ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ìyàwó gba yàrá ládùúgbò Otokiti. Ó tó oṣù mẹ́rin tí mi ò fojú kàn án. Lẹ́yìn náà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó mú abala ìwé méjì tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí lọ́wọ́. Ó kí mi, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ó ní wọ́n ti darí òun sí ọsibítù tó tóbi jù, pé dókítà ibẹ̀ fẹ́ mọ ohun tó ṣe òun lọ́dún náà àti oògùn tí òun lò, pé kí n kọ ọ́.

"Méjì ni kí ẹ kọ," ó ní. "Ọ̀kan fún dókítà. Ọ̀kan fún bàbá mi. Wọ́n ti gbọ́ ohun tí àwọn ará ìpàdé yín sọ, pé mo ṣẹ́yún."

Mo fa tábìlì mọ́ra. Mo kọ ti dókítà: ìrora, ibà, ohun tó ń dà lára, orúkọ kápúsù, ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kan. Mo wá kọ ti bàbá rẹ̀, lédè Yorùbá, ní lẹ́tà ńláńlá. Mo kọ pé ọmọ yín kò ṣẹ́yún. Mo kọ pé àrùn ló mú un lẹ́yìn ìgbéyàwó, èmi tí mo tọ́jú rẹ̀ purọ́ fún un nípa orúkọ àrùn náà, mi ò sì fún un ní oògùn tó tó. Mo tọrọ àforíjì. Mo fọwọ́ sí i. Mo rò pé mo ti gbìyànjú.

Ó kà á lórí ìdúró, pẹ̀lú ìka rẹ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ka èyí tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ tán, ó dá a padà síwájú mi.

"Ẹ ò kọ ẹni tó kó o ràn mí."

Mo wo ìwé náà. Òótọ́ ni. Mo ti kọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi délẹ̀délẹ̀, mo sì ti tún bo ọmọ ìlú wa, láìmọ̀, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ mi. Ó dúró. Mo wá àyè láàárín ìlà méjì, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ ló kó o wálé, pé èmi mọ̀ nígbà náà.

Ó tún un kà. Ó ká ìwé méjèèjì sínú báàgì rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tètè dé abúlé kí bàbá òun tó padà láti oko.